Kí Ni Ó Ń Rìn Láti Ojú Awọ Ìlù Dé Etí Wa?

    Mo júbà àwọn ọmọ Àyàn Àgalú tí wọ́n fi ìlù kó wa wọlé, nítorí pé ọwọ́ wọn ni mo ti mú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nígbà tí onílù fi kọ̀ǹgọ́ na awọ ìyáàlù lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún, tí àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ, kí ni ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó wá bá wa? Ìbéèrè ọmọdé ni, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì sábà máa ń fi í dá àgbà lágara. Ṣùgbọ́n ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìsì, Róòmù, Ítálì, Faransé, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì fi tú u, tí wọ́n sì tún un dì, kí ó tó di pé wọ́n rí ìdí rẹ̀. Èsì tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn lónìí nìyí: kò sí nǹkan kan tí ó kúrò lára ìlù wá bá etí. Ìgbọ̀nrìrì ni ó wá, afẹ́fẹ́ tí ó wà láàrin àwa àti onílù ni ó sì gbé e, láìkúrò ní ipò tirẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu mi léraléra, ẹ má jẹ́ kí ó sú yín. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

ÈKÍNNÍ: OHUN TÍ MO Ń PÈ NÍ ÌRÓ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pa ààlà oko wa. Ìró, nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, ni gbogbo ohun tí etí lè gbọ́, ì báà ṣe ohùn ènìyàn, ì báà ṣe ariwo ọjà, ì báà ṣe àrá tí ń sán lójú ọ̀run. Ìgbọ̀nrìrì ni kí nǹkan máa lọ, kí ó máa bọ̀, lójú kan náà, lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé bí a bá padà wò ó, ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni ó ṣì wà. Ìgbì, ní tirẹ̀, ni ìgbọ̀nrìrì tí ó ti ara ẹnì kìíní kọjá sí ara ẹnì kejì, àti láti ara ẹnì kejì sí ti ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá ti há sáàrin èrò rí níbi ọdún eégún mọ ohun tí mo ń sọ: ẹnì kan fi èjìká ti ará iwájú rẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, onítọ̀hún ti ẹni tí ó wà níwájú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí ẹni tí ó wà ní iwájú pátápátá fi ta gìrì bọ́ sójú agbo, nígbà tí ẹni tí ó dá ọ̀ràn sílẹ̀ ṣì wà níbi tí ó wà, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti dá nǹkan kan. Títì ni ó rìn. Ènìyàn kò rìn.

Pé ohun tí ń dún ń gbọ̀n, ọwọ́ lásán lè jẹ́rìí rẹ̀: ẹ fọwọ́ kan etí agogo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ojú rí i kedere jù lọ ni Ernst Chladni, ọmọ Jámánì tí a bí ní ìlú Wittenberg, ẹni tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1787. Ó da iyanrìn kúnná sórí àwo irin pẹlẹbẹ, ó fi ọrun irú èyí tí onígòjé ń lò wọ́ etí àwo náà, àwo sì ké. Bí ó ti ń ké ni iyanrìn ń sá kúrò níbi tí irin ti ń gbọ̀n, tí ó ń lọ kó ara rẹ̀ jọ sí ibi tí irin ti dákẹ́, títí tí ó fi ya ìlà, ìràwọ̀ àti òbírí sójú àwo, bí ẹni pé ọmọlẹ́yìn babaláwo kan jókòó síbẹ̀ ní òru. Bí ó bá wọ́ ọrun sí ibòmíràn, ohùn a yí, àwòrán náà a sì yí. Ní 1809 ó ṣe é lójú Napoleon ní Paris, ọba náà sì ní kí a fi ẹ̀bùn sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè fi ìṣirò sọ ìdí rẹ̀. Obìnrin kan, Sophie Germain, tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan tí ó jẹ́ gbà á sínú kíláàsì nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ni ó gba ẹ̀bùn náà ní 1816. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ jókòó lẹ́yìn, mo fi èyí sílẹ̀ níwájú yín, n ó sì máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Àríyànjiyàn gan-an wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fi ara ìlù sílẹ̀. Apá kan ní ohun kéékèèké tí ojú kò lè rí ni ó ń fò jáde lára nǹkan tí ń dún, tí ó ń wá lu etí. Fadá Pierre Gassendi, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára wọn, kì í sì í ṣe òmùgọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òórùn ṣe ń rìn. Apá kejì ní ìgbì ni. Vitruvius tí ó jẹ́ kọ́lékọ́lé ní Róòmù kí a tó bí Jésù ti fi ohùn wé òbírí tí ń tàn kálẹ̀ lójú omi tí a sọ òkúta sí, ó sì fi kún un pé ti omi ń tàn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nìkan, ti ohùn a tún máa gòkè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àfiwé kì í ṣe ẹ̀rí.

ÈKEJÌ: OWÚ PYTHAGORAS

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Yúróòpù fi kọ́ ọmọ wọn fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Wọ́n ní Pythagoras, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, ń kọjá lẹ́bàá ilé arọ, ó sì gbọ́ pé ìró owú àwọn alágbẹ̀dẹ bá ara mu. Ó wọlé, ó wọn àwọn owú náà, ó sì rí i pé ìwúwo wọn jẹ́ 12, 9, 8 àti 6. Wọ́n ní èyí tí ó wúwo tó ìlọ́po méjì èkejì ni ó fún un ní ohùn kan náà lókè àti nísàlẹ̀, irú èyí tí a ń gbọ́ nígbà tí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ gbé orin kan. Wọ́n tún ní ó lọ sílé, ó so irú ìwúwo kan náà mọ́ okùn, ó ta á, ohun kan náà ni ó sì gbọ́. Boethius kọ ìtàn yìí sínú ìwé orin rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ èyíkéyìí ní àdúgbò wa, ìbáà jẹ́ ọmọṣẹ́, ni ì bá ti sọ fún wọn pé kì í ṣe owú ni ó ń ké bí kò ṣe irin tí a ń lù, àti pé bí ó fi owú ńlá lù ú, bí ó fi ọmọ owú lù ú, irin náà kì í torí bẹ́ẹ̀ pa ohùn rẹ̀ dà lọ́nà tí wọ́n wí. Ilé arọ sì wà ní gbogbo ìlú tí a ti ń ka ìwé yẹn! Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà fẹ́ràn ìròyìn. Ẹni tí ó bá wọn já a ni Vincenzo Galilei, olóhùn-orin ìlú Florence, ẹni tí ń fi ọwọ́ ta ohun èlò orin olókùn, tí ó sì bí Galileo tí gbogbo ayé mọ̀. Ó so ìwúwo mọ́ okùn ní tòótọ́, ó ta á, ó fetí sí i, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1589 pé kí okùn tó lè fún ni ní ohùn kan náà lókè, ìwúwo ìlọ́po mẹ́rin ni a ó so mọ́ ọn, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí kàn lọ jù bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí ó mú kí n dúró pẹ́ nílé arọ ni pé àṣìṣe náà jọ àṣìṣe àwọn tí ń sọ pé nǹkan kan ń fò jáde lára ìlù. Wọ́n wá ìró sínú ìwúwo, sínú ara nǹkan, nígbà tí ó jẹ́ pé inú lílọ-bíbọ̀ nǹkan náà ni ó wà. Fadá Marin Mersenne ni ó fi ìdí èyí múlẹ̀ ní Paris ní 1636. Ó ta okùn gígùn gbọọrọ tí ń fì jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè kà á, ó sì ti ara rẹ̀ fa òfin yọ: bí a bá gé okùn sí ìdajì, iye ìgbà tí yóò fì di ìlọ́po méjì, bí a bá fà á le ní ìlọ́po mẹ́rin, iye náà di ìlọ́po méjì, bí okùn bá sì wúwo ní ìlọ́po mẹ́rin, iye náà já sí ìdajì. Iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ń sọ bóyá ohùn yóò ròkè tàbí yóò wálẹ̀. Onílù tí ó fi apá fún ọsán dùndún mọ́ ìhà, tí awọ fi le, tí ohùn fi ròkè, tí ó tún dẹ̀ ẹ́ tí ohùn fi wálẹ̀, ti ń fi iṣẹ́ náà jẹun láti ìran dé ìran. Mersenne ni ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ bá mi kíyè sí i bí àwọn Fadá ti pọ̀ tó nínú ìtàn yìí. Àwọn ni wọ́n ní àyè láti ronú, ìwé wà lọ́wọ́ wọn, orin ìsìn sì wà létí wọn lójoojúmọ́.

Ẹ̀KẸTA: ṢÉ ÌRÓ TÍ Ó GA Ń YÁRA JU ÈYÍ TÍ Ó RẸLẸ̀ LỌ?

Èyí kò ní gbà wá lákòókò. Archytas, ará Gíríìkì, rò pé ohun tí ó mú kí ohùn ga ni pé ó ń yára, àti pé èyí tí ó rẹlẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ onílù tí ń bọ̀ láti òkèèrè ì bá máa dé etí wa ní wóńdánwóńdán: gúdúgúdú ì bá ṣíwájú, kẹríkẹrì ì bá máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ìyáàlù yóò sì dé nígbà tí ijó ti tán. A kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Láti ọ̀nà jíjìn, ìlù a rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tú ká. Gassendi fi ìbọn dán an wò: ó ní kí wọ́n yin àgbá, ó ní kí wọ́n yin ìbọn kékeré, ó sì rí i pé iyára kan náà ni ìró méjèèjì bá dé. Ó wá yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ó la ọ̀nà yìí kò rìn ín dópin, nítorí pé títí ó fi kú, ohun kéékèèké tí ń fò ni ó gbà gbọ́.

Ẹ̀KẸRIN: AAGO INÚ ÌGÒ

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ni ó ń gbé ìgbọ̀nrìrì, ìró kò gbọdọ̀ gba ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí kọjá. Ní Róòmù, ní nǹkan bí 1640 sí 1643, Gasparo Berti ṣe ọ̀pá gíga kan tí ó fi omi kún, tí ó sì jẹ́ kí omi náà fà wálẹ̀, kí òfìfo lè ṣẹ́ kù sínú ìgò tí ó wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti fi agogo sínú ìgò náà, wọ́n sì fi òkúta ìfàrin láti ìta gbé òòlù rẹ̀. Agogo dún, wọ́n gbọ́ ọ. Fadá Athanasius Kircher sì fi ìdùnnú kéde pé kò sí òfìfo kankan níbẹ̀, nítorí pé bí òfìfo bá wà, ìró kì bá tí jáde. Ẹ wo bí ìdánwò rere ṣe ń bí èsì òdì: ohun tí wọ́n gbé agogo lé ni ó fara kan ìgò, òun ni ó sì gba ìgbọ̀nrìrì lọ́wọ́ agogo tí ó fi í lé ìgò lọ́wọ́.

Ní 1660, Robert Boyle tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí ó ròyìn ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò, èyí tí Robert Hooke bá a ṣe. Boyle kò gbé nǹkan kan lé orí nǹkan kan. Ó mú aago kan, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó rọ̀ sáàrin ìgò, kí ó má ba à fara kan ẹ̀gbẹ́, ó sì tẹ́tí. Kẹ́-kẹ́-kẹ́ aago náà dún ketekete. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Ìró náà ń rọlẹ̀, ó ń rọlẹ̀, títí tí etí kò fi rí nǹkan kan gbọ́ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ba à sọ pé aago ni ó kú, wọ́n ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ díẹ̀ kí ó padà wọlé, kẹ́-kẹ́-kẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Róòmù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Aago Boyle fi hàn pé ìró rẹ̀ kò lè dé etí wa láìsí afẹ́fẹ́. Kò tíì sọ fún wa bóyá afẹ́fẹ́ ni ẹrù tàbí afẹ́fẹ́ ni ọ̀nà. Ẹnì kan lè dìde nínú yín kí ó ní, «Olùkọ́, afẹ́fẹ́ gan-an ni ó fẹ́ láti ẹnu ìlù wá bá wa.» Mo dá a lóhùn pé ìró ń rin nǹkan bí 340 mítà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìjì líle tí ń ṣí páànù kúrò lórí ilé, tí ń fa igi tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta iyára yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń bá ìró rìn ni, onílù kan kì bá lù ú lẹ́ẹ̀kan kí gbọ̀ngàn yìí ṣẹ́ kù. Fìtílà wà níwájú onílù nílé wa, kò kú. Ìgbọ̀nrìrì rìn, afẹ́fẹ́ dúró.

ÌKARÙN-ÚN: IYE TÍ KÒ PÉ

Nísinsin yìí mo fẹ́ kí ẹ wo bí iye kan ṣoṣo ṣe fa wàhálà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Ní 1687, Isaac Newton fi ìṣirò nìkan wá iyára ìgbì nínú afẹ́fẹ́. Ohun méjì ni ó lò: bí afẹ́fẹ́ ti wúwo tó, àti bí ó ti ń ta padà tó nígbà tí a bá fún un pọ̀. Iye tí ó rí jẹ́ 968 ẹsẹ̀ bàtà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ó tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ ní 1713, ó sọ ọ́ di 979.

Láàrin ọdún méjèèjì yìí, William Derham, àlùfáà ìjọ Upminster ní Essex, ti gun ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ń bá a yin àgbá ní Blackheath, ní òdìkejì odò Thames, nǹkan bí máìlì 12 sí i. Yóò fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn wo ibẹ̀. Bí ó bá ti rí i tí iná bù yẹ̀rì, yóò máa ka fífì aago rẹ̀, èyí tí ń fì lẹ́ẹ̀mejì láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, títí ìró yóò fi dé. Ó fẹ́rẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan gbáko kí ìró àgbá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣe é nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣe é nígbà tí afẹ́fẹ́ ń dojú kọ ìró, ó sì rí i pé ìró a yára díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń gbè é. Iye tí ó kọ sílẹ̀ jẹ́ 1142.

979 kì í ṣe 1142. Ohun tí ìṣirò Newton fi dín jẹ́ ìdá kan nínú méje ohun tí Derham fi etí àti ojú rí, àgbá Blackheath kò sì lè purọ́. Newton wá àlàyé: ó ní àwọn horo afẹ́fẹ́ le, àti pé ìró ń gba inú wọn kọjá láìlo àkókò rárá, ó ní oruku omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ kì í bá a gbọ̀n. Mo bọ̀wọ̀ fún Newton ju bí mo ti lè sọ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ iye tí ó ń wá kì í pẹ́ rí ọ̀nà débẹ̀, àlàyé yìí sì ni mo kà sí aláìlágbára jù lọ nínú ìwé ńlá náà.

Pierre-Simon Laplace, ọmọ Faransé, ni ó rí ohun tí ó sọnù, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1816. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ẹnu pọ́ǹpù a máa gbóná: afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ń mú ooru jáde. Newton ti ṣírò bí ẹni pé ooru afẹ́fẹ́ kì í yí padà bí ìgbì ti ń kọjá. Laplace ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó sì ń tú u sílẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ooru náà kì í ráyè sá lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a sì máa ta padà pẹ̀lú agbára ju èyí tí ó tutù lọ, ìdí nìyí tí ìgbì fi ń yára ju bí Newton ti wí. Nígbà tí a fi ooru yìí kún ìṣirò, iye náà bá ti àgbá mu.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìbéèrè wa? Ohun gbogbo ni. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kéékèèké ni ó ń fò kúrò lára àgbá, kí ni ó kàn án bí afẹ́fẹ́ bá gbóná nígbà tí a fún un pọ̀? Iyára ìró wà lọ́wọ́ ohun tí ó wà láàrin, kò sí lọ́wọ́ ohun tí ó dún. Èyí ni èdìdì tí Gassendi kò rí.

Ẹ̀KẸFÀ: IRIN ÀTI OMI

Bí ìró bá jẹ́ ìgbọ̀nrìrì ohun tí ó wà láàrin, kò sí ìdí tí afẹ́fẹ́ nìkan yóò fi ní in. Ní 1808, Jean-Baptiste Biot lo àwọn páìpù omi onírin tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Paris, tí gígùn wọn jẹ́ 951 mítà. Wọ́n lu òpin kan, ó tẹ́tí ní òpin kejì, ó sì gbọ́ ìró méjì fún lílù kan ṣoṣo: èkíní gba inú irin wá, èkejì gba inú afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú páìpù, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀ sì wà láàrin wọn. Òòlù kan, ọ̀nà méjì, ìró méjì.

Ní 1826, Jean-Daniel Colladon àti Charles Sturm gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí adágún omi Geneva. Ọkọ̀ ojú omi kan wà ní apá Rolle, agogo rọ̀ sí abẹ́ omi lára rẹ̀. Wọ́n so òòlù agogo náà pọ̀ mọ́ iná, lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé bí ó ti ń lu agogo ni ẹ̀tù ń gbiná lókè omi. Ní òdìkejì, ní Thonon, ní ọ̀nà tí ó ju kìlómítà 13 lọ, Colladon jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀ ní òru, ó ki ẹnu ọ̀pá irin fífẹ̀ kan bọ omi, ó fi etí sí orí rẹ̀, ó sì kọjú sí ibi tí iná yóò ti bù. Iná bù. Ó kà. Kí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó pé, agogo dún létí rẹ̀. Iyára ìró nínú omi adágún náà, tí ó tutù dé ìwọ̀n 8, jẹ́ 1435 mítà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ti afẹ́fẹ́ lọ. Adágún kò sì ṣí lọ sí Thonon.

Mo mọ ohun tí ó kù lọ́kàn àwọn onílù tí ó wà níhìn-ín. Wọ́n fẹ́ bi mí pé, bí ó bá jẹ́ pé ìgbọ̀nrìrì lásán ni, tí afẹ́fẹ́ kan náà sì ń gbé ti ìyáàlù, ti gúdúgúdú, ti ṣaworo àti ti akọrin lẹ́ẹ̀kan náà, báwo ni etí ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀, tí ẹni tí a ń kì fi ń gbọ́ oríkì rẹ̀ láàrin gbogbo wọn? Joseph Fourier fi ìṣirò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1822, Hermann von Helmholtz sì gba ibẹ̀ wọlé ní 1863 pẹ̀lú ìwé ńlá kan lórí etí àti orin. Ṣùgbọ́n inú etí ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, ìrìn àjò tèmi sì parí sẹ́nu ọ̀nà etí.